Ohùn Tó Ń Lé Ẹyẹ

Odidi ọdún mẹ́ta ni Bàbá Abíọ́nà fi ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún ẹyẹ ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tí ẹyẹ kan ṣoṣo kò sì bà sí i. Kì í ṣe pé oúnjẹ náà kò dára. Ọkà bàbà tó yọmọ dáadáa ni. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ ẹ, tó ń ṣa òkúta inú rẹ̀, tó sì ń dà á sínú àwo pẹrẹsẹ kan tó fi okùn so rọ̀ lára òpó irin tó wà láàrin ẹ̀yìnkùlé náà. Omi tútù wà nínú àwo amọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á da ọkà àná nù, á sì bu tuntun sí i. Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé kò sí ibi tí èèrà ti sanra tó ti Òkè-Ìràwé, wọn kò sì parọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ayé ṣe rí nígbà náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé orí bàbá náà ti dàrú. Ní àkókò tí mò ń wí yìí, àwọn èèyàn ti ń gbé inú òṣùpá bí ẹni ń gbé ìlú kejì. Abíọ́nà, ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá náà bí, ibẹ̀ ló wà tó ń bá wọn wa yìnyín. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni ojú rẹ̀ máa ń yọ lára ògiri pálọ̀, á kí bàbá rẹ̀, á ní òun ń kánjú, ògiri á sì tún padà di ògiri. Ìrẹsì kò hù nínú ẹrẹ̀ mọ́. Inú àgbá ńláńlá ni wọ́n ti ń gbìn ín, nínú ilé onígíláàsì tí kòkòrò kò lè wọ̀, tí ẹyẹ kò sì lè fẹnu kàn. Ìdí nìyẹn tí pápá ìrẹsì tó yí Òkè-Ìràwé ká fi di ahoro.

Ṣùgbọ́n kí ìrẹsì tó kó wọ inú àgbá, ogun gidi ti wáyé lórí pápá náà láàrin èèyàn àti ẹyẹ, èèyàn ló sì borí. Ọ̀gágun tó ṣáájú ogun náà ni Àwẹ̀ró, ìyàwó Bàbá Abíọ́nà.

Láti kékeré ni Àwẹ̀ró ti ń lé ẹyẹ lóko baba rẹ̀. Bí ó bá dúró lórí ebè tó ké pé, "Háà! Ẹ gbéra ńlẹ̀!", ọ̀wọ́ ẹ̀ga tó ti bo ìrẹsì á ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Òkìkí rẹ̀ kàn títí ó fi dé etí ilé-iṣẹ́ tó ra gbogbo pápá náà. Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ọ̀hún wá, wọ́n ri òpó irin méjìlá yí ìlú ká, wọ́n sì gba ohùn Àwẹ̀ró sínú wọn. Òpó aléyẹ ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Òpó wọ̀nyí kì í kàn ṣe irin lásán, wọ́n ní ọgbọ́n. Wọ́n ń rí ẹyẹ láti ibùsọ̀ mẹ́ta, wọ́n á jọ ronú pọ̀, wọ́n á sì fi ohùn Àwẹ̀ró béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ pápá pé, "Ẹyẹ ń bọ̀ o. Ṣé kí n lé wọn?"

Ọgbọ̀n ọdún ni obìnrin náà fi bá wọn ṣiṣẹ́. Ó bá òpó sọ̀rọ̀ títí òpó fi mọ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, bó ṣe ń pòṣé, bó ṣe ń bú àwọn ọ̀lẹ, àti bó ṣe ń béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ ní gbogbo wákàtí bóyá ó ti jẹun. Ọkọ rẹ̀ yìí ló ń tún òpó ṣe bí wọ́n bá bàjẹ́. Nígbà tó yá, bí èèyàn bá di ojú rẹ̀, kò lè mọ èwo ni Àwẹ̀ró, èwo ni òpó.

Nígbà tí ìrẹsì kó wọ àgbá, ilé-iṣẹ́ náà kó ẹrù rẹ̀ lọ, ó fi òpó sílẹ̀ fún ìpẹtà. Ẹyẹ kò padà wá. Ìlú dákẹ́. Àwẹ̀ró tó ti darúgbó á jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, á máa wo ojú ọ̀run tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Bàbá Abíọ́nà," ló máa ń sọ, "èmi ni mo ba ìlú yìí jẹ́. Ọ̀fun mi yìí náà ni."

Lọ́jọ́ tí yóò kú, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ máa gbé oúnjẹ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n padà wá jẹun lẹ́yìnkùlé mi." Bàbá Abíọ́nà ṣèlérí, Àwẹ̀ró sì lọ.

Ohun tí bàbá náà ṣe lẹ́yìn ìsìnkú, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó fi ẹsẹ̀ rìn yí pápá ká, ó sì yọ ẹnu gbogbo òpó méjèèjìlá, ìyẹn ihò ńlá tí igbe ń gbà jáde, kí wọ́n má baà lè ké mọ́. Ó nu awọ tó ń gba oòrùn, èyí tó ń fún wọn lágbára. Lẹ́yìn náà ló fa wáyà láti òpó àkọ́kọ́, tó wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ gan-an, wọ inú pálọ̀, ó sì so ó mọ́ àpótí kékeré kan. Láti ọjọ́ náà, ohùn Àwẹ̀ró ń sọ̀rọ̀ nínú ilé, kò jáde síta mọ́. Ohun tí bàbá náà rò nìyẹn.

Èmi kò bá a wí o. Bí ikú bá mú ìyàwó ẹni tó sì gbàgbé ohùn rẹ̀ sórí òpó, ta ni yóò lọ gé òpó?

Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé pọ̀. Láàárọ̀, ohùn á ní, "Bàbá Abíọ́nà, ṣé ẹ ti jẹun?" Bàbá á ní òun ti jẹun, ohùn á ní irọ́ ni, òun kò gbọ́ ìró ṣíbí. Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ohùn á sọ pé, "Ẹyẹ kan ń bọ̀ o, láti ìhà odò. Ṣé kí n lé e?" Bàbá á sáré dáhùn pé, "Má lé e o, Àwẹ̀ró! Jẹ́ kó máa bọ̀." Ohùn á ní, "Ó dáa, n kò ní lé e." Bàbá á jáde, á lọ fara pamọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, á máa yọjú wo àwo ọkà títí ẹsẹ̀ á fi máa ro ó. Ẹyẹ náà kò ní dé. Á padà wọlé, á jókòó, ilé á sì tóbi jù fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, obìnrin kan kan ilẹ̀kùn. Kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, Bàbá. Tẹniọlá lorúkọ mi. Láti Ilé Ìràpadà Ẹyẹ ni mo ti wá."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Dìde. Kí ni wọ́n fẹ́ rà padà lọ́dọ̀ mi? Èèrà nìkan ni mo ní."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé ẹyin ẹ̀ga ogójì ló wà nípamọ́ nínú òtútù láti ọgọ́ta ọdún, pé kò sí ẹ̀ga kankan mọ́ níbòmíràn, pé ọdún mẹ́fà ni àwọn fi wá bí àwọn yóò ṣe mú kí ẹyin náà pa. Gbogbo ogójì ló di ọmọ ẹyẹ. Òkè-Ìràwé ni àwọn yàn fún wọn nítorí ọ̀pẹ àti omi tó wà níbẹ̀. Ìjẹta ni àwọn ṣílẹ̀kùn fún wọn lórí òkè.

"Láti ìjẹta, wọn ò balẹ̀," ló wí. "Wọ́n á fò sọ́nà ìlú, wọ́n á dé ibì kan, wọ́n á ṣẹ́rí padà bí ẹni pé wọ́n forí sọ ògiri. Bẹ́ẹ̀ wọn ò lè jáde sí ìta pápá náà, nítorí aṣálẹ̀ ni. Mẹ́rìndínlógún ti já bọ́, wọ́n ti kú. Mẹ́rìnlélógún ló kù. Bí wọn ò bá jẹun lónìí, ó ti parí nìyẹn."

Ó mú ohun èlò kan jáde nínú àpò. Ó dà bí ìdérí ìkòkò tó ní ọwọ́. Etí-àdán ni wọ́n ń pè é, nítorí ó ń gbọ́ ohun tí etí èèyàn kò lè gbọ́.

"Ìró kan ń jáde láti ara àwọn òpó àtijọ́ yẹn, Bàbá. Ẹ̀yìnkùlé yín ló ti lágbára jù."

"Òpó ti kú láti ọjọ́ tó ti pẹ́," ni Bàbá Abíọ́nà sọ, kò sì wo ojú rẹ̀. "Èmi fúnra mi ni mo yọ ẹnu wọn."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ohùn jáde láti pálọ̀. "Bàbá Abíọ́nà, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀? Ẹ fún àlejò lómi o."

Etí-àdán hó wíì lọ́wọ́ Tẹniọlá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀.

"Ìyàwó mi ni," ni bàbá náà wí nígbà tó yá. "Jókòó."

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ohùn tún fi dé, tó sì kún fún ìtara iṣẹ́ àtijọ́. "Ẹyẹ ń bọ̀ o! Ọ̀wọ́ ni wọ́n, wọ́n gba orí òkè wá. Ṣé kí n lé wọn?"

Bàbá Abíọ́nà sáré bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó rí wọn. Ọdún mélòó ni kò ti rí ọ̀wọ́ ẹyẹ! Wọ́n pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lójú oòrùn, wọ́n ń ya bọ̀ sórí ilé rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kígbe bó ṣe máa ń kígbe.

"Má lé wọn o, Àwẹ̀ró! Jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀!"

"Ó dáa, Bàbá Abíọ́nà. N kò ní lé wọn."

Etí-àdán hó, ó hó gan-an. Lókè, ọ̀wọ́ ẹ̀ga náà fọ́n ká, wọ́n yípo lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì padà sí ibi tí wọ́n ti wá.

Bàbá náà gbé ojú sókè títí ọrùn fi dùn ún. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún tún òpó ṣe. Ó ka gbogbo "má lé wọn" tó ti sọ láti ọdún mẹ́ta nínú ọkàn rẹ̀, ìtìjú sì mú un níwájú ọmọ tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Ohùn rẹ̀ ni," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọ́n ṣì ń bẹ̀rù ohùn rẹ̀."

"Rárá, Bàbá. Àwọn ẹ̀ga tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ibo ni wọ́n ti mọ Màmá?" Tẹniọlá sún mọ́ ọn. "Bí òpó bá ń ronú, irin inú wọn máa ń gbọ̀n, ìró rẹ̀ á sì máa gún ẹyẹ lórí bí abẹ́rẹ́. Àwọn tó ṣe òpó ló dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀. A rí ìwé wọn. Ohùn Màmá, wọ́n kàn fi bò ó ni, kí àwọn àgbẹ̀ lè fẹ́ràn òpó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ri òpó mọ́lẹ̀, ohùn Màmá ò lé ẹyẹ kan mọ́."

Bàbá Abíọ́nà jókòó sórí òkúta tí Àwẹ̀ró máa ń jókòó lé. Ó rántí ẹnu tó ń sọ pé ọ̀fun mi yìí náà ni. Àwẹ̀ró ti ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ títí dé inú ilẹ̀, ó sì ti pẹ́ jù láti sọ fún un.

"Nítorí náà kí ni kí n ṣe?" ló bi í, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀.

"Kí ẹ pa òpó."

"Kí n pa á, kí n tún tàn án bí wọ́n bá ti jẹun tán?"

"Ọgbọ́n tó wà nínú wọn dà bí iná inú ààrò, Bàbá. Bí ó bá ti kú pátápátá, kò sí ẹyín iná tí a ó fẹ́. Mo lè gba àwọn ọ̀rọ̀ kan pa mọ́ fún yín sínú nǹkan kékeré, kí ẹ máa fi sétí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àná ni yóò máa sọ. Kò ní mọ̀ bóyá ẹ ti jẹun."

Ìbínú ru bàbá náà. Ó dìde. "Ẹ̀yin onímọ̀ yìí! Ẹ̀yin lẹ ri òpó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní ká lé ẹyẹ, a lé e. Lónìí ẹ tún dé, ẹ ní ká pa òpó kí ẹyẹ lè wá. Ọmọ mi wà lójú ọ̀run. Ilé yìí, ohùn kan ló kù níbẹ̀ tó ń pè mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí n sin Àwẹ̀ró?"

Omi lé ròrò sójú Tẹniọlá, ṣùgbọ́n kò yẹ ẹsẹ̀. Ó tún kúnlẹ̀.

"Èmi kọ́ ni mo ri òpó, Bàbá. Ẹ̀ga wọ̀nyí náà kọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà."

Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ èsì tó yẹ kí àgbà fún ọmọdé tó bá tọrọ àforíjì bẹ́ẹ̀. Bàbá Abíọ́nà kò fún un lésì. Ó kẹ́yìn sí i.

Nǹkan kan bọ́ láti òkè, ó ró pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo omi.

Ẹ̀ga kan ni. Ó la ẹnu sílẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, kò sì gbọ̀n mọ́. Bàbá náà gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Kò wúwo ju ẹ̀kúnwọ́ ìyàngbò lọ, ara rẹ̀ sì ṣì gbóná. Ẹyẹ tó kọ́kọ́ wá sí ẹ̀yìnkùlé Àwẹ̀ró láti ogún ọdún, òkú rẹ̀ ló dé. Àwọn àgbà ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá di ọjọ́ ikú kó yẹrí. Bàbá Abíọ́nà bá Àwẹ̀ró jẹ, ó bá Àwẹ̀ró mu, ó fi ogójì ọdún jẹ ọwọ́ rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ ikú, òun fúnra rẹ̀ ni kò jẹ́ kó ṣẹ.

Ó gbé òkú ẹyẹ náà fún Tẹniọlá. Ó lọ síbi òpó, ó kúnlẹ̀ lábẹ́ àwo ọkà, ó sì ṣí ilẹ̀kùn irin kékeré tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀pá ìpaná gbogbo òpó méjèèjìlá wà níbẹ̀, ìpẹtà ti bo ọwọ́ rẹ̀.

Ó fẹ́ dágbére. Ó fẹ́ sọ fún Àwẹ̀ró pé kì í ṣe ọ̀fun rẹ̀ ló ba ìlú jẹ́. Ó ti la ẹnu tán kó tó rántí pé bí òun bá sọ̀rọ̀, ohùn á dáhùn, pé èsì kọ̀ọ̀kan á jẹ́ òkò sára àwọn tó kù lókè. Ó pa ẹnu dé.

"Bàbá Abíọ́nà?" ni ohùn pè láti ojú fèrèsé. "Oòrùn ti ń rọlẹ̀. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Etí-àdán hó. Bàbá náà gé ètè rẹ̀ jẹ.

"Bàbá Abíọ́nà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Kò tíì sí ọjọ́ kan, láti ìgbà tó ti gbé e níyàwó, tí obìnrin náà bi í ní ìbéèrè yìí tí kò dá a lóhùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá náà mú, ó sì fà á.

Kò sí ariwo kankan. Iná pupa kékeré ara òpó kàn pòkúdu, ó kú. Etí-àdán dákẹ́ lọ́wọ́ Tẹniọlá, kò sì tún hó mọ́.

Ẹ̀ga kì í ṣe ẹyẹ tó ń mọ bí wọ́n ṣe ń rọra dé ilé onílé. Ìdajì wákàtí kò pé tí àkọ́kọ́ fi bà lé etí àwo, tó yí orí sọ́tùn-ún sósì, tó sì ṣa ẹyọ ọkà kan. Ó ké. Gbogbo wọn sì ya dé, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń da ọkà sílẹ̀, àwọn èèrà tó sanra ń sá kiri. Tẹniọlá ń kà wọ́n, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n. Akọ kan ti lọ sórí ọ̀pẹ, ó ń ya imọ̀ láti fi kọ́lé.

"Bàbá, ẹ ṣé," ló wí. "Ẹ ṣé gan-an."

"O ó rí òmíràn pa," ni Bàbá Abíọ́nà fèsì. Òwe ọ̀sán ló ń dáhùn. Tẹniọlá mọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó sì lọ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń retí rẹ̀.

Bàbá náà wọ pálọ̀. "Àwẹ̀ró, wọ́n ti dé o!" ló wí, kó tó mọ ohun tó ń sọ. Àpótí kékeré náà wà níbi tó wà. Ó jókòó, ó dìde, ó sì lọ sí ilé ìdáná. Ó bu ẹ̀bà àná, ó mú ṣíbí ọbẹ̀, ó rọra fi í lu etí àwo kí ìró rẹ̀ lè jáde. Kò sẹ́ni tó bi í.

Ó gbé àwo oúnjẹ náà bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó sórí òkúta Àwẹ̀ró. Àwọn ẹ̀ga ti jẹ ọkà tán, wọ́n wà lórí okùn, lórí òpó, lórí ògiri, ariwo wọn kò jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohun tó ń rò. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀. Ó bu ọkà mìíràn sí àwo wọn, ó padà jókòó, ó sì gbé tirẹ̀ lé ẹsẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

"Ṣé ẹ ti jẹun?" ló bi wọ́n.